Iná tó ń jó lóde ìnáwó kì í ṣe idán o! Ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ àwọn tó ń kọ́ iná níjó

Ẹni tó bá ti dé òde ìnáwó l'Ọ̀bà-Àkókó, n'Ìkàrẹ́ tàbí l'Ọ̀kà nígbà tọ́dún bá ń parí lọ, tí àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó, l'Ábújá àti lókè òkun ti wálé, ó ṣeé ṣe kó ti rí ohun tá à ń wí yìí. Ilẹ̀ á ṣú, olórin á gorí ìtàgé, àwọn iná kan tí wọ́n gbé kọ́ sórí irin á bẹ̀rẹ̀ sí í yí orí bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ ẹ̀. Wọ́n á wòkè, wọ́n á wolẹ̀, wọ́n á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, wọ́n á tún dà bí aró, ìtànṣán wọn á wá gùn lọ sójú ọ̀run débi pé ẹni tó wà lórí òkè lókèèrè á mọ̀ pé wọ́n ń ṣe nǹkan nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn ọmọdé á pariwo. Àwọn àgbà á mi orí, wọ́n á ní ayé ti dayé òyìnbó pátápátá. Owó á máa fò lórí olórin. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa bojú wẹ̀yìn wo ọmọkùnrin kan tó jókòó sídìí tábìlì nínú òkùnkùn, tó tẹ orí ba lórí ẹ̀rọ kan tó kún fún bọ́tìnnì, tí ìka ẹ̀ ò dúró sójú kan. Òun gan-an ló ń jó. Ohun tó bá ní kí iná ṣe ni iná ń ṣe.

Tá a bá ní ká sòótọ́ ṣá o, àwọn oníná kan wà tí wọn ò ní kí iná ṣe nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn iná tó ń yí orí yìí ni wọ́n ti ki ètò sí nínú láti iléeṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kan lẹ́yìn ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bó ṣe wù ú. Ẹ tẹ òmíràn, á máa fetí sílù, á sì máa fò bí ìlù bá ṣe ń dún. Ẹni tó gbé irú iná bẹ́ẹ̀ wá lè lọ jókòó sídìí ìrẹsì kó máa jẹun tiẹ̀. Ìdí rèé tí ìnáwó òkú, ìgbéyàwó, ìsọjí ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjọ́ ìbí ọmọ ọdún kan fi máa ń jọra lójú. Pásítọ̀ ń gbàdúrà, iná ń sáré kiri bí ẹni tọ́lọ́pàá ń lé. Wọ́n ń ka ìtàn ìgbésí ayé olóògbé, iná ń ṣẹ́jú sáwọn opó. Ẹ jọ̀ọ́, kí lèyí? Owó tí onínàáwó san nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, owó ẹrù ló san, kì í ṣe owó iṣẹ́.

Iṣẹ́ sì ni iṣẹ́ yìí o. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, bíi ti aránṣọ àti káfíńtà. Ó ní bí wọ́n ṣe ń gé e, ó ní bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n máa ń gbowó tó yàtọ̀ sí tẹni tó kàn ní ẹrù nílé. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ kiri ní gbogbo agbègbè wa gbọ́ dáadáa, nítorí ẹ̀kọ́ ẹ̀ ò wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò, bá a ṣe máa sọ níwájú.

Kì í ṣòní, kì í ṣàná tí àwọn eléré wa ti ń bá iná fà á. Nígbà tí Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀ṣọ̀sà, gbé eré ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Glover Memorial Hall l'Ékòó lọ́dún 1944, iṣẹ́ ọlọ́pàá ló ṣì ń ṣe. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló fiṣẹ́ náà sílẹ̀, tó sọ eré di iṣẹ́ òòjọ́. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládípọ̀, Oyin Adéjọbí, Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, gbogbo wọn ló kó ẹgbẹ́ wọn sínú ọkọ̀ tí wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú. Gbọ̀ngán ìlú àti ti iléèwé ni wọ́n ti ń ṣeré. Níbi tí kò bá ti sí iná mọ̀nàmọ́ná, ẹgbẹ́ eré a máa gbé jẹnẹrétọ̀ dání, tàbí kí wọ́n tan àtùpà gáàsì, kí wọ́n pọ́m̀pù ẹ̀ títí tó fi máa hó yee. Nírú iná bẹ́ẹ̀, ohun méjì péré lèèyàn lè fi í ṣe: kó tàn án tàbí kó pa á. Bó o bá fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú díẹ̀díẹ̀ lórí ìtàgé, àfi kí ẹnì kan lọ gbé àtùpà kúrò.

Ìyàtọ̀ wà níbi tí gbọ̀ngán eré tòótọ́ bá wà. Gbọ̀ngán Arts Theatre ti Yunifásítì Ìbàdàn ti wà láti ọdún 1955, ibẹ̀ sì ni Ògúnmọ́lá ti gbé eré ọ̀mùtí tí wọ́n yọ látinú ìwé Amos Tutùọlá jáde lọ́dún 1963, tí Demas Nwoko sì ya ojú ìtàgé fún un. Nínú irú gbọ̀ngán bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń lo dímà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí iná lè mọ́ díẹ̀, kó mọ́ sí i, kó tún relẹ̀ láìkú. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, nílẹ̀ òyìnbó láyé àtijọ́, omi iyọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe dímà. Wọ́n á da omi iyọ̀ sínú ìkòkò, wọ́n á ki irin méjì bọ̀ ọ́, iná á máa gba inú omi kọjá. Bí wọ́n bá ṣe ń sún irin méjèèjì mọ́ra ni iná á ṣe máa mọ́lẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ṣèèṣì tọwọ́ bọ omi yẹn, ó parí fún un. Nígbà tó yá ni wọ́n ṣe ẹ̀yà ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gé iná wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Iná tiwa tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ NEPA a máa lọ sókè, a máa bọ̀ wálẹ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Dímà yìí á gé díẹ̀ kúrò nínú àlọ, á gé díẹ̀ kúrò nínú àbọ̀, ìyẹn nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bó bá ṣe gé tó ni iná ṣe máa rẹlẹ̀ tó. Ojú wa ò lè bá a sáré, a kàn máa rí i pé iná ti dín kù.

Àtìgbà náà layé ti ń sáré. Lọ́dún 1975, nínú eré A Chorus Line ní New York, obìnrin kan tó ń jẹ́ Tharon Musser lo ẹ̀rọ tó ń rántí ètò iná fúnra ẹ̀, dípò kí èèyàn mẹ́ta mẹ́rin máa fa irin sókè sílẹ̀. Lọ́dún 1981, ní Barcelona, ẹgbẹ́ olórin Genesis gbé iná tó ń yí orí fúnra ẹ̀ jáde fáráyé, iná Vari-Lite tí wọ́n ṣe ní Dallas, l'Amẹ́ríkà. Wàhálà tó kù ni pé ẹ̀rọ iléeṣẹ́ kan kì í gbọ́ èdè iná iléeṣẹ́ mìíràn. Lọ́dún 1986 ni àwọn onímọ̀ eré orí ìtàgé l'Amẹ́ríkà fẹnu kò sórí èdè kan ṣoṣo tí gbogbo wọn á máa sọ, wọ́n pè é ní DMX512. Títí dòní olónìí, èdè yẹn náà ni iná tí wọ́n ń gbé kọ́ l'Ọ̀bà-Àkókó ń sọ, ìbáà jẹ́ pé China ni wọ́n ti kó o wá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ èdè ọ̀hún? Okùn kan ló ń jáde látinú ẹ̀rọ lọ bá iná àkọ́kọ́, á jáde níbẹ̀ lọ bá èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fojú inú wo okùn yẹn bí àdúgbò kan tó ní ilé 512. Ilé kọ̀ọ̀kan ń gba nọ́ńbà kan, láti òdo títí dé 255. Iná tó ń yí orí kan lè gba ilé mẹ́rìndínlógún: ọ̀kan fún yíyí sọ́tùn-ún sósì, ọ̀kan fún wíwòkè wolẹ̀, ọ̀kan fún bó ṣe mọ́lẹ̀ tó, ọ̀kan fún àwọ̀, ọ̀kan fún àwòrán tó máa ń yọ nínú ìtànṣán, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Iná àkọ́kọ́ á wà ní ilé 1, èkejì á bẹ̀rẹ̀ ní ilé 17, ẹ̀kẹta ní 33. Tí oníná bá ṣèèṣì fún iná méjì ní àdírẹ́sì kan náà, ohun tí ọ̀kan bá ṣe lèkejì máa ṣe, kò sí bó ṣe fẹ́ yà wọ́n.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ iná yìí lè yí orí ẹ̀ lọ títí dé òṣùwọ̀n 540, ìyẹn odindi ìyípo kan àti ààbọ̀. Tó bá jẹ́ ilé kan ṣoṣo ni wọ́n fún un fún yíyí orí, ibi 256 péré ló lè dúró sí láàárín ìrìn yẹn. Ìṣísẹ̀ kan á ju òṣùwọ̀n méjì lọ. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, àbí? Àmọ́ tí iná bá wà ní ogún mítà sí olórin, ìṣísẹ̀ kan yẹn á gbé ìmọ́lẹ̀ fò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ lórí ìtàgé. Ẹ ẹ́ wá rí iná tó yẹ kó máa rọra tẹ̀ lé ìyàwó, tó ń ta bí ọ̀pọ̀lọ́. Ìdí nìyí tí iná tó dáa fi máa ń ní ilé kejì fún yíyí orí. Tí wọ́n bá so ilé méjèèjì pọ̀, ibi 65,536 ló lè dúró sí, ìṣísẹ̀ kan ò sì ní í pé mìlímítà mẹ́ta níbi ogún mítà kan náà. Oníná tí kò mọ èyí, tó pa ilé kejì tì kí ètò lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn, á máa bú iná pé ayédèrú ni.

Ó wá ku ijó. Kò sẹ́ni tó máa jókòó tẹ nọ́ńbà sílé kọ̀ọ̀kan títí tí iná á fi yí po lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ ló máa ń bá a ṣe é, nípa ohun tí wọ́n ń pè ní ẹfẹ́ẹ̀tì. Ẹ rántí jáńgílófà tá à ń fì nígbà tá a wà lọ́mọdé. Tó bá dé òpin lókè, á rọra dúró díẹ̀. Tó bá ń bọ̀ wálẹ̀, á sáré gba àárín kọjá. Á tún rọra dúró lódìkejì. Ìrìn jáńgílófà yìí gan-an ni ẹ̀rọ ń fún iná. Ohun mẹ́ta ni oníná máa ń yàn níbẹ̀. Èkínní ni bí jáńgílófà ṣe máa fì jìnnà tó. Èkejì ni bó ṣe máa yára tó. Ohun tí jáńgílófà so mọ́ lẹ̀kẹta, ìyẹn ibi tí iná ń wò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Tí olórin bá rìn lọ sápá òsì, ibi tí wọ́n so ó mọ́ ni wọ́n máa sún, ijó náà á bá a lọ láìdáwọ́ dúró.

Ó ku ẹ̀kẹrin, òun lọba wọn. Gbogbo ará Àkókó àti ará Èkìtì ló mọ bí wọ́n ṣe ń gúnyán lọ́jọ́ ìnáwó. Èèyàn mẹ́ta á dìde dúró yí odó kan ká. Tí ọmọ odó tèkínní bá wà nísàlẹ̀, tèkejì ń bọ̀ wálẹ̀, tẹ̀kẹta ń lọ sókè. Kò sẹ́ni tó ń yára ju ẹnì kejì lọ, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n wọn ò bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àlàfo àárín wọn ló jẹ́ kó dùn-ún wò. Tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá gbé ọmọ odó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìjà ló kù. Àlàfo yìí ni àwọn oníná ń pè ní phase. Tí iná bá jẹ́ mẹ́jọ, oníná á pín ìyípo kan, ìyẹn òṣùwọ̀n 360, sọ́nà mẹ́jọ. Iná kọ̀ọ̀kan á fi 45 tẹ̀ lé èyí tó wà níwájú ẹ̀. Tí wọ́n bá fi ìyẹn sórí wíwòkè wolẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa ru bí ìgbì òkun láti òsì dé ọ̀tún. Tí wọ́n bá sọ àlàfo di òdo, gbogbo iná á máa tẹrí ba pọ̀ bí ẹ̀yin àdúrà. Ètò kan náà, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n yí.

Òun náà ni wọ́n fi ń ṣe òbìrípo. Wọ́n á fún yíyí sọ́tùn-ún sósì ní jáńgílófà tiẹ̀, wọ́n á fún wíwòkè wolẹ̀ ní tiẹ̀, wọ́n á wá fi àlàfo 90 sáàárín wọn. Iná á máa ya òbìrí lójú ọ̀run. Tí kò bá sí àlàfo kankan láàárín méjèèjì, ìlà tó dagun ló máa yà. Mo ti rí oníná tó ń wá òbìrí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tó ń yí gbogbo bọ́tìnnì pátá, tí kò sì fọwọ́ kan phase.

Dímà náà ń jó ìjó kan náà. Fi jáńgílófà sórí mímọ́ iná dípò orí ẹ̀, kó o fi àlàfo sí i, ìmọ́lẹ̀ á máa sáré láti iná kan bọ́ sí èkejì bí ẹni ń kọjá lẹ́yìn ògiri. Dín eré ẹ̀ kù dáadáa, kí ìtànṣán máa lọ sókè sódò bí èémí ẹni tó ń sùn, ìyẹn dáa fún orin ọpẹ́ àti àdúrà. Mànàmáná yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi eré Ọba Kò So ṣàpẹẹrẹ, èyí tí Dúró Ládípọ̀ gbé lọ sí Berlin lọ́dún 1964. Tí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ gbé Ṣàngó sórí ìtàgé lónìí, tí oníná sì ń tan iná ní ìwọ̀n kan náà, pá, pá, pá, bí ẹni ń lu agogo, kò sẹ́ni tó máa gbà pé Ṣàngó ń bínú. Mànàmáná kì í dọ́gba. Á kọ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, á dákẹ́, á tún kọ ńlá kan. Àlàfo tí kò létò ni wọ́n ń fún dímà níbẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ kí òkùnkùn pẹ́ díẹ̀ kí àrá tó sán.

Irú gílóòbù tó wà nínú iná náà lẹ́nu ọ̀rọ̀. Gílóòbù àtijọ́ tó ní okùn irin nínú kì í kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, okùn yẹn á ṣì pọ́n díẹ̀ kó tó tutù, nítorí náà ijó dímà ẹ̀ máa ń rọ̀ lójú. LED kì í dúró de ẹnì kan. Bí nọ́ńbà bá ti yí, ó ti yí. Ètò tó dáa lórí gílóòbù àtijọ́ lè máa ta gìjìgìjì lórí LED, àfi kí wọ́n tún un ṣe. LED olówó pọ́ọ́kú tún ní àléébù kan: ọ̀nà tó ń gbà rẹlẹ̀ ni pé ó ń kú, ó ń tàn, kíákíá tí ojú ò fi rí i, ṣùgbọ́n kámẹ́rà rí i. Ìdí nìyẹn tí fídíò ìgbéyàwó ẹlòmíràn fi ní ìlà dúdú tó ń rìn kọjá níwájú ìyàwó. Ẹni tó ya fídíò lẹ ẹ́ bú, ẹlẹ́ṣẹ̀ wà nídìí iná.

Eré sísá wá ni àìsàn ọ̀pọ̀ oníná. Orin tí ìlù ẹ̀ ń lọ sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ló wà láàárín ìlù kan sí èkejì. Iná tí wọ́n ní kó fì lọ fì bọ̀ láàárín àkókò kékeré yẹn ò lè parí ìrìn ẹ̀, mọ́tò inú ẹ̀ ò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Kó tó dé òpin, wọ́n ti ní kó máa padà bọ̀. Tí eré bá ń pọ̀ sí i, ìfì gbọ́dọ̀ máa dín kù ni, tàbí kí iná lo ìlù mẹ́rin láti fì lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń fi ìka ta bọ́tìnnì kan bí ìyáàlù ṣe ń dún, ẹ̀rọ á fi ìyẹn mọ eré orin. Wọn kì í sì í jẹ́ kí a rí iná níbi tó ti ń wá ipò tuntun. Wọ́n á pa á, á yí orí nínú òkùnkùn, á wá tàn níbi tí ẹnikẹ́ni ò fọkàn sí. Lójú tèmi, ọgbọ́n kékeré yìí ju gbogbo fífò kiri lọ.

Ẹ jẹ́ ká tún sọ ọ̀rọ̀ kan tó le. Iná tó ń ṣẹ́jú kíákíá lè dá àwọn kan lára wó. Lára àwọn tó ní wárápá, àwọn kan wà tó jẹ́ pé iná tó ń ṣẹ́ láàárín ìgbà mẹ́ta sí ọgbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ló máa ń mú kó gbé wọn. Ní December 16, 1997, tẹlifíṣọ̀n kan ní Japan gbé eré àwòrán Pokémon jáde, níbi tí àwọ̀ pupa àti búlúù ti ń ṣẹ́ tẹ̀ léra wọn kíákíá. Èèyàn 685 ni wọ́n gbé lọ sí ọsibítù, àwọn ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìmọ̀ràn àwọn aláṣẹ ni pé kí iná tó ń ṣẹ́ lójú èrò má kọjá ìgbà mẹ́rin ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tẹ́nì kan bá ṣubú lóde ìnáwó wa, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni pé ayé ló ṣe é. Kẹ́ ẹ tó sọ ìyẹn, ẹ ní kí oníná pa ẹ̀ṣẹ́jú ẹ̀ ná. Irin tí wọ́n gbé iná kọ́ náà ò gbọdọ̀ gbára lé ìkọ́ kan ṣoṣo. Okùn wáyà kejì gbọ́dọ̀ di iná kọ̀ọ̀kan mú, tórí ohun tó wà lórí irin yẹn kì í ṣe páálí.

Ayé ni wọ́n tún máa ń dá lẹ́bi tí iná bá ń gbọ̀n láìnídìí. Lọ́pọ̀ ìgbà, okùn ni. Oníná ò ní okùn DMX, ó yá okùn gbohùngbohùn lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe sáńdì, ó fi so iná ogójì pọ̀ nígbà tó jẹ́ pé méjìlélọ́gbọ̀n ni ìlà kan lè gbé, kò sì fi ìdérí oní-120 ohm dí ẹnu okùn tó gbẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ tó bá dé òpin okùn láìrí ìdérí á padà sẹ́yìn, á pàdé òmíràn lọ́nà, iná ò wá ní í mọ èyí tí òun máa gbọ́. Ìdérí yẹn ò wọ́n rárá.

Ọ̀rọ̀ iná ọba ńkọ́? Iná sharpy, tí ilé-iṣẹ́ Clay Paky ní Italy kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 2010, tí àwọn ará China sì ti ṣe irú ẹ̀ káàkiri ayé, lè jẹ tó 350 wáàtì. Mẹ́rìndínlógún ẹ̀ ń jẹ 5,600, ẹ ò tíì tan spíkà kankan. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tá à ń pè ní "I pass my neighbour" ò lè gbé méjì níbẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ohun tó burú jù ni pé gílóòbù inú sharpy kì í ṣe okùn irin, inú gáàsì ni iná ń gbà kọjá nínú ẹ̀. Tí iná bá lọ lójijì, gílóòbù tó ti gbóná ò ní í tàn padà títí tá á fi tutù, ó sì lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ wo bí yóò ṣe rí tí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí olórin ń ki olówó ìlú! Jẹnẹrétọ̀ ti dé, spíkà ti ń ké, gbogbo iná ṣì ṣókùnkùn. Nítorí èyí, oníná tó gbọ́n l'Ọ̀bà-Àkókó ò ní í fi sharpy nìkan ṣiṣẹ́, á fi LED díẹ̀ sí i, á sì bẹ onínàáwó pé orí jẹnẹrétọ̀ ni kí wọ́n gbé òun sí látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyẹn náà lówó nínú. Epo tí kò tó 200 náírà fún líítà kan ṣáájú ìparí May 2023 ti kọjá 1,000 lọ́pọ̀ ibi nígbà tó fi máa di October 2024. Dọ́là tí kò tó 500 náírà ní báńkì kí June 2023 tó dé ti kọjá 1,500 lọ́dún 2024, bẹ́ẹ̀ dọ́là ni wọ́n fi ń ra iná.

Torí náà, ọ̀dọ́ tó ń rò pé àfi kí òun kọ́kọ́ kó owó jọ ra iná kóun tó kọ́ṣẹ́, ọ̀nà ẹ̀ jìn. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tó dáa díẹ̀ tó láti bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ MA Lighting ní Jámánì, tí ẹ̀rọ grandMA wọn wà lórí ìtàgé ńláńlá káàkiri ayé, ń fúnni ní grandMA3 onPC lọ́fẹ̀ẹ́. Inú ẹ̀ ni ìtàgé àfojúrí wà. Wàá kọ́ iná sí i, wàá fún un ní àdírẹ́sì, wàá jó o, láìní gílóòbù kan ṣoṣo nílé. Nígbà tó o bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde lọ bá iná gidi nìkan ni wàá nílò ẹ̀rọ tiwọn. QLC+ náà ń bẹ lọ́fẹ̀ẹ́, òun sì lè bá iná gidi sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ okùn kékeré kan tí wọ́n ń ki bọ kọ̀ǹpútà. Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin wà l'Àkùngbá, láàárín Ọ̀bà àti Ìkàrẹ́, ó sì ní ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ṣíṣe. Ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ àti ọmọ tó ń gbé sharpy kiri òde ìnáwó mọra wọn, torí ọ̀kan mọ eré, èkejì mọ ẹrù.

Ibi tí wọ́n máa lo iṣẹ́ ọ̀hún sí náà ń gbòòrò. Gbọ̀ngán eré Terra Kulture ti wà ní Victoria Island láti ọdún 2017. Gbọ̀ngán Eré Àpapọ̀ n'Ígànmú, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1976 ṣáájú FESTAC, ti ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká láti ọdún 2024, wọ́n sì tún un ṣe, wọ́n ṣí i padà ní October 1, 2025. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá náà ò ní í dẹ́kun ìsọjí. Gbogbo wọn ló ń wá ẹni tó lè kọ ètò, kì í ṣe ẹni tó máa tẹ bọ́tìnnì ẹ̀yìn iná kó sì lọ jẹun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe ìnáwó, ẹ bi oníná yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo kẹ́ ẹ tó san àsansílẹ̀: kí ni iná máa ṣe nígbà tí wọ́n bá ń gbàdúrà? Tó bá dá yín lóhùn pé á máa jó, ẹ wá ẹlòmíràn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, tí eré bá parí, tí ẹ rí i pé oníná ń bẹ yín pé kẹ́ ẹ má tíì pa jẹnẹrétọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a lóhùn. Ó ti pa gílóòbù, fáànù inú iná ló ń dúró dè kó fẹ́ ẹ tutù. Tẹ́ ẹ bá pa á lójijì, ooru á há sínú, gílóòbù á sì tètè bà jẹ́, dọ́là ló sì máa fi ra òmíràn.